Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ní àpérò ààbò kọ̀ǹpútà: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

AwoFirmware

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo rí ihò kan nínú firmware (ètò tó ń darí ẹ̀rọ láti inú) router kan. Ojú-ewé tí wọ́n fi ń pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù alákòóso kì í yẹ ẹni tó ń wọlé wò lórí router fúnra rẹ̀. JavaScript inú browser nìkan ló ń ṣe àyẹ̀wò yẹn. Ẹni tó bá fi curl (irinṣẹ́ tí a ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ojú-òpó) ránṣẹ́ tààrà, tí kò gba inú browser kọjá, á pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù láìwọlé rárá. Orí router mẹ́ta tí mo fowó ara mi rà ni mo ti dán an wò.

Mo fẹ́ lọ sọ ọ́ ní àpérò kan. CFP wọn, ìyẹn ìpè fún àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ láti fi ìwé ránṣẹ́, máa tì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí òní, àpérò fúnra rẹ̀ ku oṣù márùn-ún. Mi ò tíì lọ sí irú rẹ̀ rí, ká má tíì wá sọ pé mo gorí ìtàgé. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ CFP? Ṣé kí n ṣe demo lójú gbogbo èèyàn? Kí ni kí n gbé dání, kí ni kí n fi sílé?

Olùṣọ́_Ẹnubodè

Àbúrò, ṣé ilé-iṣẹ́ tó ṣe router yẹn ti gbọ́? O ò mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. CFP lè dúró díẹ̀.

Ká ṣírò ọjọ́. Google Project Zero, àwọn tó ń wá ihò ààbò fún Google, máa ń fún ilé-iṣẹ́ ní 90 ọjọ́. Bí àtúnṣe bá jáde láàárín 90 yẹn, wọ́n á tún dúró 30 ọjọ́ kí àwọn tó ń lo nǹkan náà lè fi àtúnṣe sórí ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n tó tú kúlẹ̀kúlẹ̀ síta. CERT/CC, ibùdó tó ń bá olùṣèwádìí àti ilé-iṣẹ́ ṣètò lórí ihò ààbò, ní tiwọn, 45 ọjọ́ ni. Oṣù márùn-ún tó kù fún ọ jẹ́ nǹkan bí 150 ọjọ́. Bí ìròyìn rẹ bá lọ lónìí, 90 àti 30 á parí nígbà tí àpérò ku oṣù kan. Bí o bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbà ọ́ wọlé kí o tó sọ fún ilé-iṣẹ́, oṣù méjì tàbí mẹ́ta á ti lọ, wàá wá bá ara rẹ lórí ìtàgé pẹ̀lú ihò tí kò sí àtúnṣe fún. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ń bẹ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò lórí ètò.

Ibi tí wàá fi í ránṣẹ́ sí: fi `/.well-known/security.txt` sẹ́yìn àdírẹ́sì ojú-òpó wọn. RFC 9116, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2022, ló là á kalẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kàn sí wọn lórí ihò ààbò sí. Bí kò bá sí, wá ojú-ewé ààbò wọn, tàbí kí o kọ sí security@ ti orúkọ ojú-òpó wọn.

Ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà: nọ́ńbà model bó ṣe wà lára router, ẹ̀dà firmware tí o dán wò, curl náà lódidi, ìdáhùn tí router fún ọ, ohun tí ẹni burúkú lè fi ṣe, àti ọjọ́ tí o fẹ́ sọ̀rọ̀ ní gbangba. Má fi ọjọ́ yẹn pamọ́. Má sì fi ọ̀rọ̀ owó kankan sínú lẹ́tà kan náà, torí ọjọ́ ìtúfọ̀ àti owó nínú ìwé kan ṣoṣo, agbẹjọ́rò á kà á sí ìhàlẹ̀ gbowó.

Béèrè nọ́ńbà CVE náà, ìyẹn nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi ń dá ihò kan mọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá jẹ́ CNA (àwọn tó láṣẹ láti fún ihò ní nọ́ńbà), àwọn fúnra wọn ló ń fúnni. Bí wọn ò bá jẹ́ CNA, fọ́ọ̀mù MITRE, àjọ tó ń bójú tó CVE, wà fún un.

Kọ́kọ́rọ́Mẹ́ta

Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Ti òfin ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí ìtàn ọ̀rọ̀ yìí pẹ́.

Ní 2005, Michael Lynn, olùṣèwádìí ààbò kan, fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí router Cisco ní àpérò Black Hat. Ọwọ́ ni wọ́n fi ya ojú-ewé rẹ̀ kúrò nínú ìwé àpérò. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ náà, wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ní 2008, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì MIT mẹ́ta fẹ́ sọ̀rọ̀ ní àpérò DEF CON lórí káàdì ọkọ̀ ojú irin Boston, ilé ẹjọ́ dá wọn lọ́wọ́ kọ́, àmọ́ sláìdì wọn ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí CD tí wọ́n pín níbẹ̀. Ní 2014, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan lórí Tor (ètò tí èèyàn fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ kí wọ́n mọ òun) kúrò ní Black Hat nítorí pé agbẹjọ́rò yunifásítì àwọn olùṣèwádìí náà sọ pé àwọn ò tíì fọwọ́ sí i.

Ẹ wá wo ti Barnaby Jack, olùṣèwádìí ààbò mìíràn. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ATM ní 2009. Ó dúró kí àwọn olùṣe tún nǹkan wọn ṣe, ó padà wá ní 2010, ẹ̀rọ méjì sì ń tu owó jáde lórí ìtàgé. Ọdún kan ló fi dúró, òun sì ni gbogbo ayé ṣì ń sọ.

Nítorí náà, gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́. Ìwé ni mo wí o, kì í ṣe "ọ̀gá mi ní kò burú". Bí o bá lo láptọ́ọ̀pù ilé-iṣẹ́ tàbí wákàtí iṣẹ́, ó lè jẹ́ pé tiwọn ni ohun tí o rí, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ ló máa sọ.

Ó ṣe dáadáa tí o fowó ara rẹ ra router mẹ́ta. Ibẹ̀ náà ni kí o dúró sí. Má ṣe lọ fi curl rẹ gbá orí íntánẹ́ẹ̀tì láti "ka iye tó wà níta". Bí ó bá ti kan router ẹlòmíì láìgbàṣẹ, o ti kúrò nídìí ìwádìí.

AwoFirmware

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ìròyìn ránṣẹ́ lálẹ́ yìí. security.txt wọn wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wà níwájú Expires ti kọjá, mo sì tún wá fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lójú-ewé ààbò wọn.

Ìbéèrè kan: ṣé nǹkan yìí ò kéré jù fún àpérò ńlá?

Ìyá_Terminal

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àpérò kọ̀ọ̀kan ní ilé tiẹ̀.

Àpérò RSA ti wà láti 1991, San Francisco ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Àwọn tó ń ra nǹkan àti àwọn tó ń tà á ló pọ̀ níbẹ̀: ètò, òfin, ìnáwó. curl kan lórí router kò níí jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Black Hat ti 1997 ń fẹ́ ìwádìí tó jinlẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ò sì rọ̀. DEF CON ti 1993 fẹ́ ohun tó lárinrin, ó sì ní àwọn village, ìyẹn yàrá kéékèèké tí wọ́n ti ń ṣí kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, rédíò palẹ̀. Ọ̀pọ̀ village ló ní CFP tiwọn, èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Àpérò CCC (ẹgbẹ́ hákà Chaos Computer Club) ní Jámánì, láti 1984, máa ń wáyé láàárín Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Àwọn ò fẹ́ rí ẹni tó wá ta ọjà.

Àpérò BSides wá jẹ́ èyí tó bá ọ mu jù. Ní 2009 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Black Hat dá ọ̀rọ̀ tó dára padà torí àyè ò sí, àwọn tí wọ́n dá padà wá ṣe tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti wà ní ìlú púpọ̀ káàkiri ayé báyìí. Ìsọ̀rọ̀ 20 tàbí 25 ìṣẹ́jú wà níbẹ̀, àwọn kan sì ń fi àgbà kan ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti tọ́ ọ sọ́nà.

Kí o sì mọ̀ pé ihò kọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ. Irú ihò yẹn pọ̀ bí eruku. Ọ̀nà tí o gbà rí i, tí ẹlòmíì lè gbà rí tiẹ̀ nínú firmware mìíràn, ìyẹn lọ̀rọ̀.

AyẹCFPwò

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá fi parí yẹn ni ẹ kọ sára ògiri.

Ẹni tó ń ka CFP ń ka ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní jókòó kan, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń wá nǹkan mẹ́ta: kí ni o rí, kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀, kí ni ẹni tó jókòó á mú lọ sílé. Irú èyí ló ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan:

«Router wà nínú gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ṣé ó láàbò? Nínú ọ̀rọ̀ amóríyá yìí, ẹ ó rí bí àwọn hákà ṣe ń ronú, ẹ ó sì rí ohun ìyanu kan tí ẹ ò rí rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó fò yín.»

Kò sọ nǹkan kan. Ẹ wo èyí:

«Router kan tí wọ́n ń tà fún ilé àti ọ́fíìsì kékeré ń yẹ ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù alákòóso wò nínú JavaScript browser nìkan. POST kan ṣoṣo láti inú LAN, láìsí cookie, tó láti gba router náà. Màá fi hàn bí mo ṣe fi binwalk tú firmware rẹ̀, bí mo ṣe rí fáìlì CGI tí àṣìṣe náà wà, àti ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni lè fi wá irú rẹ̀ nínú firmware mìíràn. A ti fi tó olùṣe létí, 90 ọjọ́ á sì pé kí àpérò tó bẹ̀rẹ̀.»

(POST ni àṣẹ tó ń gbé nǹkan lọ sí router, LAN ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé, cookie ni àmì pé èèyàn ti wọlé, CGI ni ètò tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ojú-ewé router, binwalk sì ni irinṣẹ́ tó ń tú firmware.) Ìgbà tí ó kà á tán, ó ti mọ irú ẹni tí ó fẹ́ gbà wọlé. Máa wo iye ọ̀rọ̀ tí fọ́ọ̀mù wọn gbà. Bí wọn ò bá sọ, 200 sí 300 ọ̀rọ̀ tó.

Lábẹ́ rẹ̀, kọ bí ìṣẹ́jú á ṣe lọ. Fún ìṣẹ́jú 45: ohun tí mo rí, 3; ẹ̀rọ náà àti firmware, 7; àṣìṣe náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 12; demo, 5; ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí ẹlòmíì lè tẹ̀ lé, 8; bí olùṣe ṣe dáhùn, 5; ìbéèrè, 5. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 20 ṣàlàyé ohun tí router jẹ́ fún àwọn tó ń tú router jẹun, a máa rí i níbẹ̀.

Àwọn nǹkan tó ń pa ìwé tó dára:

Fífi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́. "Mo máa tú u síta lọ́jọ́ náà." Fún àwọn ará ìta, ó dáa. Fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, sọ gbogbo rẹ̀. Àyè ọ̀tọ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù tí àwọn nìkan lè rí.

Orúkọ nínú ìwé tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ àpérò ń yẹ ìwé wò láìmọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n á yọ orúkọ lójú ìwé, orúkọ á ṣì wà nínú properties PDF, tàbí nínú ìlà "gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ lórí búlọ́ọ̀gì mi".

Ìpolówó ọjà. Bí slide tó gbẹ̀yìn bá ń sọ pé ọjà ilé-iṣẹ́ rẹ ló máa wo àìsàn náà sàn, o ti jáde.

Má sì purọ́ pé o ò tíì sọ ọ́ níbòmíràn. Sọ ibi tí o ti sọ ọ́ àti ohun tó yàtọ̀ báyìí.

Àṣá_Òru

Lórí demo: má ṣe é láyè (live) lójú wọn. Gba fídíò sílẹ̀. Wi-Fi inú gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀rún fóònù wà kì í gbọ́ràn, 2.4 GHz, ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń lò, ti kún dẹ́nu. Router fúnra rẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú méjì tàn. Bí ó bá kọ̀, ìṣẹ́jú 5 rẹ á di 12, o ò ní lè parí ọ̀rọ̀. Fídíò mp4, 1080p, ìṣẹ́jú kan àbọ̀, kò gbọdọ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kó wà nínú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀.

Olùṣọ́_Ẹnubodè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò gbà pátápátá. Fídíò ṣeé gé ṣeé lẹ̀. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì béèrè. Curl kan sórí router tó wà lórí tábìlì kì í ṣe nǹkan tó ń dẹ́rù bani bí èèyàn bá tò ó dáadáa:

Wáyà Ethernet ni kí o lò, láti láptọ́ọ̀pù sí router tààrà. Pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù. Fún láptọ́ọ̀pù ní àdírẹ́sì IP tí kì í yí padà. Ki router bọ iná kí wọ́n tó pè ọ́, kó ti tàn tán. Wo ara ṣájà router náà: bí kò bá kọ INPUT 100-240V, ó lè jó ní orílẹ̀-èdè tí iná wọn yàtọ̀ sí tiwa. Kọ àṣẹ rẹ sínú fáìlì script, má tẹ nǹkan kan lórí ìtàgé, ọwọ́ á gbọ̀n. Script kejì gbọ́dọ̀ wà tó ń dá páswọ́ọ̀dù padà sí ti tẹ́lẹ̀, kí o lè tún un ṣe bí ẹnìkan bá ní "ẹ tún un ṣe". Lẹ́tà terminal (ojú tí a ń tẹ àṣẹ sí) kò gbọdọ̀ dín ní 24.

Àṣá_Òru

Wáyà yẹn, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín: ṣe é láyè, kí fídíò sì wà nínú sláìdì tó tẹ̀ lé e. Bí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀ láàárín 30 ìṣẹ́jú-àáyá, tẹ sláìdì kan síwájú, má tọrọ àforíjì, má ṣe àtúnṣe lójú èèyàn. Kí aago kọ̀ǹpútà hàn ní igun fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn á pa ọ̀rọ̀ gígé-lílẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Aláwòrán_PDF

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ohun tí sláìdì ń tú síta. Ẹni tó wá kọ́ni ní ààbò ló ń fi páswọ́ọ̀dù tiẹ̀ hàn.

Ká ní o ya fọ́tò ìdí router rẹ. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tó ní serial number, MAC (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), orúkọ Wi-Fi àti páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tà á. O gé fọ́tò náà nínú PowerPoint kí kìkì orúkọ model hàn. Apá tí o gé ò lọ síbì kankan. Ó ṣì wà nínú fáìlì, ẹni tó bá gba .pptx rẹ á fa igun fọ́tò, gbogbo rẹ̀ á sì yọ, àfi tí o bá lo Compress Pictures, tí o sì fi àmì sí "Delete cropped areas".

Ṣíṣe lẹ́tà báìbáì kò tó. Àwọn irinṣẹ́ wà tó ń dá lẹ́tà tí wọ́n sọ di onígun-mẹ́rin padà, pàápàá bí fọ́ńtì àti ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣeé mọ̀. Àpótí dúdú ni kí o fi bò ó. Ṣùgbọ́n àpótí dúdú tí o bá yà lé lẹ́tà nínú PDF, lẹ́tà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, èèyàn lè kọ́pì í. Ya àpótí náà, lẹ́yìn náà ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà lákọ̀tun, kí àwòrán tuntun yìí jẹ́ èyí tó wọnú sláìdì.

Chart tí o kọ́pì láti Excel lè gbé odidi ìwé Excel wọlé pẹ̀lú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ojú-ewé tí o ò fi han ẹnikẹ́ni. Lẹ̀ ẹ́ bí àwòrán.

Wo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà terminal rẹ náà: orúkọ rẹ àti orúkọ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Wo àwọn táàbù browser. Wo Authorization: nínú curl, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìwọlé máa ń wà.

Bí o bá ti parí, sọ ọ́ di PDF, fi pdftotext yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ síta, kí o wá fi grep wá orúkọ rẹ, IP, "token", "password". Fi exiftool wo ìsọfúnni tó fara pamọ́ nínú fáìlì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ìyá_Terminal

Orí ìtàgé, ní kúkúrú. Fi aago dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà mẹ́ta, pẹ̀lú ohùn sókè. Kíkà á sínú máa ń yá ju sísọ lọ. Fún ìṣẹ́jú 40 ọ̀rọ̀, kó parí ní 37 nílé. Sláìdì 25 sí 30 tó. Code inú sláìdì kan kò gbọdọ̀ ju ìlà 12 lọ, lẹ́tà pupa lórí dúdú sì máa ń sọnù lójú projector.

Lọ wo yàrá náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mú USB-C sí HDMI tìrẹ dání, má gbẹ́kẹ̀ lé tiwọn. Kí PDF sláìdì wà lórí flash náà. Pa gbogbo ìfitónilétí, kí WhatsApp má bá ọ sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn 300.

Bọ́ káàdì ọrùn rẹ kí o tó gorí ìtàgé. Bí o bá lo gbohùngbohùn kékeré tí wọ́n ń fi há aṣọ, káàdì á máa kàn án, á máa dún kọ́-kọ́-kọ́ nínú fídíò látòkèdélẹ̀.

Tún ìbéèrè sọ kí o tó dáhùn, nítorí ẹni tó ń béèrè kò ní gbohùngbohùn, fídíò ò sì gbọ́ ọ. Ẹnìkan á dìde tí kò ní ìbéèrè, tó kàn fẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níta lẹ́yìn èyí," kí o tọ́ka sí ẹlòmíì.

Kọ́kọ́rọ́Mẹ́ta

Ohun tí wàá gbé dání. Bí o bá ní láptọ́ọ̀pù kejì, òun ni kí o mú, kìkì sláìdì àti demo ni kó wà lórí rẹ̀. Ṣe gbogbo update nílé, má ṣe é lórí Wi-Fi àpérò. Disk rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ní ẹnubodè àti nínú hòtẹ́ẹ̀lì, pa á pátápátá, má fi sùn, torí kọ́kọ́rọ́ disk ń bẹ nínú RAM nígbà tó bá sùn.

Lórí fóònù, pa gbogbo Wi-Fi àtijọ́ tó mọ̀ rẹ́, kó má bàa dara pọ̀ mọ́ èyí tí ẹlòmíì fi orúkọ kan náà ṣe. Pa Bluetooth. Pa 2G: Android láti 12 ní bọ́tìnì fún un lórí ọ̀pọ̀ fóònù, Lockdown Mode ń ṣe é fún iPhone láti iOS 17. Antẹ́nà èké máa ń fa fóònù sórí 2G nítorí pé ibẹ̀ fóònù kì í béèrè pé ta ni antẹ́nà.

Páwà báǹkì ò gbọdọ̀ wọ àpótí tí ọkọ̀ òfuurufú máa gbé sísàlẹ̀, ọwọ́ ni kí o fi gbé e. Títí dé 100 Wh kò béèrè ìyọ̀ǹda. Láti 100 sí 160, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí 20,000 mAh bá kọ sára rẹ̀, ní 3.7 V, 74 Wh ni. Irinṣẹ́ ìṣíkọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Kà á kí o tó dì í mọ́ ẹrù.

Fún físà, sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ìwé ìpè ní kété tí wọ́n bá gbà ọ́ wọlé, kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ní DEF CON, ògiri kan wà tí wọ́n ń pè ní Wall of Sheep. Orúkọ àti apá kan páswọ́ọ̀dù àwọn tó wọlé sí nǹkan láìsí ìpàmọ́ lórí Wi-Fi ibẹ̀ ló máa ń hàn níbẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ̀rọ̀ lórí router kò gbọdọ̀ wà lára ògiri yẹn.

Àṣá_Òru

Tí o bá débẹ̀, má lo gbogbo ọjọ́ nínú yàrá ìsọ̀rọ̀. DEF CON, Black Hat àti CCC ń gbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà. Workshop, village àti ìjíròrò ẹnu ọ̀nà kò sí nínú fídíò. Workshop máa ń kún kíá, nítorí náà forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i.

Káàdì ọrùn rẹ tí àwọn ontàjà ń fi ẹ̀rọ kà ló ń fún wọn ní í-meèlì rẹ. Fi í-meèlì ọ̀tọ̀ forúkọ sílẹ̀. Má ya fọ́tò ojú èèyàn láìgbàṣẹ, wọn kì í fi ṣeré. TLP ni àmì àwọ̀ tó ń sọ ẹni tí a lè sọ ọ̀rọ̀ fún. Bí ẹnìkan bá ní TLP:RED ni ohun tí òun fẹ́ sọ, ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló wà fún. TLP:CLEAR ṣeé sọ fún gbogbo ayé. Bó bá ní TLP:WHITE, ti àtijọ́ ló ń lò, CLEAR ló di láti 2022.

Òfin 3-2-1 tún wà, tí àwọn ará DEF CON ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn: ó kéré tán, oorun wákàtí 3, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Oorun wákàtí 3 kò tó ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ o.

AwoFirmware

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìtọ́jú. Ìròyìn dé: ilé-iṣẹ́ náà dáhùn lónìí, ọjọ́ kejìdínlógún. Wọ́n gbà pé ihò ni. Àmọ́ wọ́n ní àwọn fẹ́ oṣù mẹ́jọ, kí n má sì dárúkọ àwọn rárá. CFP ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tì. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Olùṣọ́_Ẹnubodè

Má jáwọ́. Fi CFP ránṣẹ́, kí o kọ ọ́ sí àyè àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ilé-iṣẹ́ náà ń tọrọ àsìkò sí i, àti pé o lè sọ̀rọ̀ náà láìdárúkọ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà dá ilé-iṣẹ́ lóhùn, má gùn:

«Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ tí mo sọ ṣì dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí àtúnṣe fún model àkọ́kọ́ máa jáde àti ohun tó ń dá ìyókù dúró. Bí mo bá rí ètò tó dájú, mo lè fi kúlẹ̀kúlẹ̀ àṣìṣe náà sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi, kí n sọ ọ̀nà ìwádìí nìkan. Mo ti mú CERT/CC wọ inú ọ̀rọ̀ yìí kí ó lè rọrùn fún gbogbo wa.»

Kí ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn sì jẹ́ òótọ́ kí o tó fi í ránṣẹ́. VINCE ni ojú-òpó tí CERT/CC fi ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Aláwòrán_PDF

Tí o bá pinnu pé o ò ní dárúkọ wọn, orúkọ nìkan kọ́ ni wàá yọ o. Báìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú MAC ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Orúkọ fáìlì CGI yẹn, bí èèyàn bá fi wá nǹkan lórí Google, ó lè gbé model jáde tààrà. Àwọ̀ àti bí ojú-ewé ìwọlé ṣe rí náà ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Wi-Fi àkọ́kọ́ tí router ń gbé jáde. Router tó wà lórí tábìlì ńkọ́? Wọ́n á rí i. Gbé e sínú páálí, kí wáyà nìkan yọ síta.